Kí Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Kọ́ Nípa Owó ní Yunifásítì?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ìdàpọ̀ wa ní Orè àti Odígbó)

Bíbélì kíkà: Òwe 6:6-8, Lúùkù 14:28-30, Ámósì 8:4-6

   

Bí ẹ bá wo àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà tí a ń kó jọ nínú ìdàpọ̀ yìí, ẹ ó rí i pé ẹ̀bẹ̀ méjì ló pọ̀ jù. Èkíní ni pé: "Kí Olúwa fún ọmọ mi láyè ní yunifásítì." Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, òbí kan náà yóò tún kọ èkejì: "Kí Olúwa fún ọmọ mi níṣẹ́." Láàárín ẹ̀bẹ̀ méjèèjì, a ti ta ilẹ̀, a ti fi oko kòkó yáwó, ìyá sì ti ta aṣọ inú àpótí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí wà. Kí ni wọ́n kọ́ ọmọ náà nínú ọdún mẹ́rin yẹn nípa owó, nípa òwò, àti nípa ọmọnìkejì rẹ̀? Kí sì ni àwa tí a wà nílé ń kọ́ ọ?

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni èmi náà kà, àti nítorí pé òun ni a rò pé ó yẹ kí ó kọ́ ènìyàn bí a ti í ṣe ọrọ̀.

KÒKÓ LÓ RÁN WA NÍLÉ ÌWÉ

Kì í ṣe òní ni a ti ń fi oko sanwó ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Olóyè Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tó ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní ọdún 1982. Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ní 1996, yunifásítì náà sì di tiwọn. Oǹdó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sí Àkùngbá-Àkókó ní 1999. Ibẹ̀, tí a ń fi orúkọ Ajásin pè lónìí, wà lára àwọn ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Sara Berry, ṣe ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá. Àkọlé ìwé tí ó gbé jáde ní 1985 ń sọ pé àwọn baba ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ohun tí ó rí ni ohun tí àwa náà ń rí: èrè oko kì í padà sínú oko. Ilé ìwé ọmọ ló ń lọ, ọmọ tí ó bá sì kàwé kì í padà wá sí oko mọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lónìí, àwa òbí ń ta oko kí a tó rí owó kọ́ ọmọ, ọmọ tí a kọ́ náà sì ń dé ilé wá ta èyí tó kù. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tó fà á.

ÌWÉ KÉKERÉ TÍ MO GBÉ DÉLÉ

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìyá mi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti gàrí fún àwọn èrò ọkọ̀ ní ẹ̀bá títì márosẹ̀ ní Orè. Ẹ mọ ibẹ̀, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń ti Èkó lọ sí Benin àti sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró kí èrò jẹun. Mo dé fún ìsinmi lẹ́yìn ọdún kejì, ẹ̀kọ́ ṣì gbóná lórí mi. Mo mú ìwé kékeré kan, mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, mo ń kọ ohun tó rà àti ohun tó tà. Mo ṣírò owó ọkọ̀, owó tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀, owó ọ̀rá, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù tí kò rẹ́ni rà. Nígbà tí mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ohun tí ìyá mi ń pè ní èrè kò ku ìdajì. Ó yà á lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, kò ra ju èyí tí ó lè tà kí ó tó jẹrà mọ́. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ló ṣe èyí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún un.

Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ó ń tàwìn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ àwìn dúró. Àwìn ló ń jẹ owó yín." Ó wò mí, ó ní, "Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́ tí mọ́tò kò dúró mọ́, ta ló ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi láì gba kọ́bọ̀? Ìyá láti ọ̀nà Odígbó tí o ní kí n má ta gàrí láwìn fún yẹn ni. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ níléèwé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni."

Ẹ rántí àwọn ọdún náà, ní nǹkan bí 2008 sí 2010, tí ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin bàjẹ́ débi pé èrò ń sùn sójú ọ̀nà. Bí obìnrin kan ò bá ní ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e nígbà náà, àtẹ rẹ̀ ti tú. N kò sì ní ìlà kankan nínú ìwé kékeré mi tí mo lè kọ ìgbẹ́kẹ̀lé sí.

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ìyá mi.

ÈRÒ ÀTIDÁ ÒWÒ SÍLẸ̀

Ìjọba kò ṣàì mọ̀ pé iṣẹ́ oṣù kò kárí. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo yunifásítì máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ti ń dá òwò sílẹ̀, ohun yòówù kí ó máa kà. Nínú ìlànà tuntun tí àjọ NUC ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2023, ẹ̀kọ́ náà di méjì, ENT 211 àti ENT 312. Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, tí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì dá sílẹ̀ ní 2002, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Láti 2012, àwọn àgùnbánirọ̀ pàápàá ní ètò ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ àti òwò tí wọ́n ń pè ní SAED.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn olùwádìí rí ní ibòmíràn. Ní Netherlands, wọ́n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní òwò, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀. Wọ́n retí pé èrò àtidá òwò sílẹ̀ yóò pọ̀ sí i lọ́kàn wọn. Àbájáde tó jáde ní 2010 fi hàn pé ńṣe ló dínkù. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn olùwádìí náà rò ni pé ojú àwọn ọmọ náà ti là, wọ́n ti rí bí òwò ti le tó. Ní Tunisia, ìjọba gbà ní 2009 kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn kọ ètò òwò tí ó fẹ́ dá sílẹ̀, kí wọ́n sì fi gbà oyè. Iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ ti Togo, nítòsí wa níhìn-ín. Ní Lomé, wọ́n pín oníṣòwò kékeré 1,500 sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ apá kan ní ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà, bí a ti ń kọ́ ọ níbi gbogbo. Wọ́n kọ́ apá kejì láti máa fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ nǹkan, láti máa wo iwájú, àti láti má ṣe jáwọ́ bí nǹkan bá le. Wọn kò kọ́ apá kẹta ní nǹkan kan. Ní 2017 ni àbájáde jáde. Láàárín ọdún méjì, èrè àwọn apá kejì fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju ti àwọn tí a kò kọ́ lọ. Ti àwọn tí a kọ́ ní ìṣirò nìkan jẹ́ nǹkan bí 11, kò sì tó ohun tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ ló fà á. Ìṣirò dára, ìyá mi jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan láì dúró de ọ̀gá ló ju ìṣirò lọ. Ẹ padà sí Òwe 6:6-8. Kò sí ọ̀gá tó ń ran eèrà níṣẹ́.

Níbo ni ọmọ ti ń rí irú ọkàn bẹ́ẹ̀? Ní 1991, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Icek Ajzen ṣàlàyé pé nǹkan mẹ́ta ló ń bí èrò àtiṣe ohun kan nínú ènìyàn. Èkíní, bóyá òun fúnra rẹ̀ ka ohun náà sí rere. Èkejì, ohun tí àwọn tó ṣe pàtàkì sí i yóò wí. Ẹ̀kẹta, bóyá ó gbàgbọ́ pé agbára òun ká a. Àwọn tó ń wádìí èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òwò ń lo àlàyé yìí kárí ayé. Yunifásítì lè ṣiṣẹ́ lórí èkíní àti ẹ̀kẹta. Èkejì ńkọ́? Ẹ̀yin ará, àwa ni èkejì.

Ọmọ parí ìwé, ó ní òun fẹ́ máa ra kókò àti àgbagbà ní Odígbó lọ tà ní Èkó. Kí ni a ń sọ fún un? "Ṣé kí o lè máa ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ṣe ta oko?" Aládùúgbò ń bèèrè pé, "Ṣé ọmọ yín kò tíì ríṣẹ́ ni?" nígbà tí ọmọ náà ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí lọ síbi iṣẹ́. Nínú ìjọ, ẹni tó rí iṣẹ́ bánkì ni a ń pè síwájú láti jẹ́rìí. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ òwò kékeré tó sì wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì, a kì í pè é. Ohun tí olùkọ́ gbìn ní Àkùngbá, ahọ́n wa ń fà á tu ní Orè.

N kò sọ pé iṣẹ́ oṣù burú. Jósẹ́fù ṣiṣẹ́ nílé Pọ́tífárì, Olúwa sì wà pẹ̀lú rẹ̀. N kò sì sọ pé kí ìjọba fi ẹ̀kọ́ òwò ṣe àwáwí. Ọmọ tó dá òwò sílẹ̀ láìsí iná, láìsí ọ̀nà, tí oríṣiríṣi olówó orí sì ń lé e kiri, a kò gbọ́dọ̀ pè é ní ọ̀lẹ bí òwò náà bá wó. Ìdájọ́ òdodo ni kí a bèèrè ohun tó tọ́ lọ́wọ́ ìjọba, kí àwa náà sì ṣe tiwa.

ÒṢÙWỌ̀N WO NI ỌMỌ NÁÀ YÓÒ LÒ?

Ká ní ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ òwò. Irú òwò wo? Ní 1993, Robert Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe eré kan. Bí ẹni méjì bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àwọn méjèèjì yóò jèrè. Bí ọ̀kan bá da èkejì, èyí tó dalẹ̀ yóò jèrè jù. Nínú àwọn tó ń kọ́ ọrọ̀-ajé, nǹkan bí 60 nínú 100 ló da ẹnìkejì wọn. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, nǹkan bí 39 ni.

Wọ́n tún bi kíláàsì mẹ́ta léèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí ẹ̀kọ́ wọn pé: bí ilé iṣẹ́ kan bá gba kọ̀ǹpútà 10, tí wọ́n sì béèrè owó 9 péré, ṣé ẹni tó ni ín yóò sọ òtítọ́? Kíláàsì ọrọ̀-ajé tí olùkọ́ rẹ̀ ń tẹnu mọ́ bí olúkúlùkù ṣe ń wá tara rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yí padà jù sí ìhà àìṣòótọ́. Kíláàsì ọrọ̀-ajé kejì, tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè, kò yí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, olùkọ́ ló yàtọ̀.

Kí a má ba ẹ̀kọ́ náà lórúkọ jẹ́. Ní 1996, àwọn olùwádìí mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ lọ́rùn ju lẹ́tà tí owó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀-ajé dá nǹkan bí 56 padà nínú 100, àwọn yòókù dá nǹkan bí 31. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọmọ di ọ̀dàlẹ̀ tàbí olóòótọ́. Ẹni tó kọ́ ọ àti ohun tí ó ti mọ̀ nílé ló ń pinnu ohun tí yóò fi ìmọ̀ náà ṣe.

Kí sì ni ó mọ̀ nílé? Ámósì 8:5 bá àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù wí. Ọmọ tó dàgbà sí ibi tí a ti ń fi òkúta lu ìdí kọ́ńgò wọnú, tí a ń ta kòkó tí kò gbẹ kí ó lè wúwo, tí ẹni tó ń rà á náà sì ti tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe, ọmọ náà ti gba oyè kí ó tó rí yunifásítì. Bí a bá wá kọ́ ọ ní ìṣirò lé e lórí, ó kàn di olè tó mọ ìṣirò.

ÌNÁWÓ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÌWÉ

Ohun kan wà tí ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé tó péye ń kọ́ni, tí mo fẹ́ kí gbogbo àgbẹ̀ ibí gbọ́. Ó ní ìnáwó mìíràn wà tí ẹni tó jẹ èrè kì í san. Ẹlòmíràn ló ń san án, tàbí ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ wo igbó ìjọba ti odò Olúwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí. Igi ńlá ibẹ̀ ti dínkù gan-an. Apá kan igbó náà ni wọ́n gé, tí wọ́n sì gbin igi Gmelina sí, láti fi ṣe bébà ní ilé iṣẹ́ Ìwópin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti retí. Apá mìíràn di pákó, apá mìíràn sì di oko. Àwọn tó gé e ti ná owó rẹ̀ tán. Àwa tí a kù ló ń san ìyókù: odò tó ń gbẹ, ẹran ìgbẹ́ tí a kò rí mọ́, ilẹ̀ tí kò so bíi tàná. Diutarónómì 20:19 kò gbà kí a gé igi eléso lulẹ̀, kódà lójú ogun.

Ọjà ayé pàápàá ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Àwọn orílẹ̀-èdè ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé àwọn kò ní gba kòkó tí a gbìn sórí igbó tí a pa lẹ́yìn ìparí ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì kú. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ kàwé ló yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ èyí.

Ẹ rántí ọdún 2024 pẹ̀lú. Láti 1986 tí ìjọba ti fagi lé àjọ tó ń ra kòkó, iye tí ayé bá pè é ni àgbẹ̀ ń gbà. Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Ní 2025, ó tún já wálẹ̀ gan-an. Nínú owó ọdún ọ̀pọ̀ yẹn, mélòó ló padà sínú oko? Mélòó ló kan alágbàṣe tó ká èso náà? Jákọ́bù 5:4 sọ pé owó iṣẹ́ tí a dá dúró ń kígbe, Ọlọ́run sì ń gbọ́. Ní Íjíbítì, Jósẹ́fù kó oúnjẹ pamọ́ ní ọdún méje ọ̀pọ̀ (Jẹ́nẹ́sísì 41), orílẹ̀-èdè kan sì yè. Ìṣàkóso ọrọ̀-ajé ni ìyẹn.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ má ta gbogbo oko tán nítorí owó ilé ìwé. Bí ó bá di dandan kí a yáwó, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa kọ́kọ́ gbọ́ kí olówó èlé tó gbọ́. Oko tí ó kù ni owó òwò àkọ́kọ́ tí ọmọ yẹn yóò ní.

2. Ní ìsinmi, ẹ fún ọmọ ní ohun kékeré láti bójú tó: àtẹ kan, ilà kòkó díẹ̀, agbo adìẹ. Kí ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, èrè àti àdánù. Kí ó ṣe Lúùkù 14:28 pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó sàn kí ó pàdánù díẹ̀ lójú yín ju kí ó pàdánù gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn yín.

3. Ẹ jẹ́ kí a yí ọ̀rọ̀ ẹnu wa padà. Kí a máa pe oníṣòwò kékeré tó jẹ́ olóòótọ́ síwájú láti jẹ́rìí, bí a ti ń pe òṣìṣẹ́ bánkì.

4. Kí olúkúlùkù lọ yẹ kọ́ńgò àti ìwọ̀n rẹ̀ wò kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé. Ojú ọmọ wà níbẹ̀.

5. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kàwé, ẹ mú ìwé kékeré yín délé, kí ẹ sì jókòó ti àwọn òbí yín. Ẹ kọ́ wọn ní ìṣirò. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín ní èyí tí kò sí nínú ìwé.

Ìyá mi ṣì ń tàwìn títí ó fi fi àtẹ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ìwé kékeré kan náà. Èmi ni mo fa ìlà tuntun sí i fún un, orúkọ àwọn tó ń rà á láwìn ni ó sì ń kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o fún wa ní ilẹ̀ àti ọmọ, má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀kan ra èkejì. Fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n láti bẹ̀rẹ̀, sùúrù láti dúró, àti ọwọ́ tó mọ́. Dárí òṣùwọ̀n èké wa jì wá, kí o sì tún un ṣe. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

Kí ni a ti tà nítorí ẹ̀kọ́, kí ló sì kù? Ọ̀rọ̀ wo ni a ti sọ tí ó pa èrò òwò lọ́kàn ọmọ wa? Ta ni ń san ìnáwó tí kò sí nínú ìwé wa?